Ìbéèrè àti ìdáhùn: ìfaramọ́ àti ìdíje láàárín àwọn géèmù RPG orí tábìlì

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń darí eré, àwọn ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi mí ṣáá. Mo kó wọn jọ sójú kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ kó fò lọ síbi tó kàn án.

Kí ni RPG orí tábìlì gan-an?

Eré ni tí ènìyàn bíi mẹ́rin sí mẹ́fà ń jókòó yí tábìlì ká ṣe. Ẹnì kan ni adarí eré: òun ló ń sọ bí ayé inú ìtàn ṣe rí, òun ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀tá, lẹ́nu ọlọ́jà, lẹ́nu ọba. Àwọn yòókù mú akọni kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe, bí kò bá sì dájú pé yóò ṣeé ṣe, wọ́n á ju dáìsì.

Eré yìí kì í tán lọ́jọ́ kan. Ẹgbẹ́ kan lè máa pàdé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta lórí ìtàn kan ṣoṣo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfaramọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ló dá a sílẹ̀, ta ló sì ni ín báyìí?

Ọdún 1974 ni Dungeons & Dragons, tí gbogbo wa ń pè ní D&D, jáde. Gary Gygax àti Dave Arneson ló kọ ọ́, iléeṣẹ́ TSR ní Lake Geneva, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ló tẹ̀ ẹ́. Láti inú eré ogun ni wọ́n ti mú un, èyí tí wọ́n fi ń to àwọn ọmọ ogun kéékèèké sórí tábìlì. Wọ́n gba odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun lọ́wọ́ olùṣeré, wọ́n fún un ní akọni kan péré kó máa tọ́jú rẹ̀.

Gygax pàdánù ìdarí iléeṣẹ́ náà lọ́dún 1985. Nígbà tó di 1997, gbèsè ti wọ TSR lọ́rùn, Wizards of the Coast, àwọn tó ni géèmù káàdì Magic: The Gathering, sì rà á. Hasbro, iléeṣẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé ńlá kan, ra Wizards náà lọ́dún 1999. Ọwọ́ Hasbro ni D&D wà títí di òní.

Ṣé D&D nìkan ló wà ni?

Rárá o. Kò ju ọdún kan lọ tí Tunnels & Trolls fi dé, lọ́dún 1975, torí pé Ken St. Andre ka ìwé D&D, ó rí i pé ó díjú jù, ó sì jókòó kọ èyí tó rọrùn. Lọ́dún 1977, Traveller gbé eré lọ sí àárín àwọn ìràwọ̀. RuneQuest dé lọ́dún 1978. Call of Cthulhu dé lọ́dún 1981, nínú èyí tí ọpọlọ akọni ń dàrú díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń mọ òtítọ́ sí i. Vampire: The Masquerade jáde lọ́dún 1991, ó sì mú àwọn tí ìtàn idà àti dírágónì kò wù rárá wá sídìí tábìlì.

Látìgbà náà wọn ò lóǹkà mọ́. Ẹni tó bá sọ fún yín pé D&D ni gbogbo rẹ̀ kò tíì dé òdìkejì títì.

Kí ló wá dé tí orúkọ D&D fi bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀?

Òun ló kọ́kọ́ dé, òun ló sì kọ́ àwọn yòókù ní èdè tí wọ́n ń sọ. Iye ẹ̀mí tí akọni ní, ìpele tó ń gùn bó ṣe ń dàgbà, iṣẹ́ tó yàn láàyò bíi jagunjagun tàbí oṣó: D&D ló sọ gbogbo wọn di ohun tí kálukú mọ̀, títí kan àwọn tó ń ta géèmù orí kọ̀ǹpútà.

Èkejì ni pé ibi tí èrò wà ni èrò ń lọ. Bí ẹ bá ń wá olùṣeré márùn-ún, tí ẹ sì dárúkọ D&D, ẹ ó rí wọn. Bí ẹ bá dárúkọ géèmù tí ẹnì kan kọ lọ́dún tó kọjá, ó lè tó oṣù mélòó kan kí ẹ tó rí ẹni kẹta. Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù ni ti Critical Role, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tó ń ṣe eré wọn lójú ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2015. Pathfinder, géèmù orogún kan tí mo ṣàlàyé nísàlẹ̀, ni wọ́n ń ṣe nílé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e síta, wọ́n gbé àwọn akọni kan náà lọ sínú D&D ẹ̀dà karùn-ún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà náà. Àìmọye olùwòran ló ti ara wọn mọ D&D. Ẹ wo bí ìpinnu àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan ṣe lè ṣe iléeṣẹ́ kan lóore tí ìpolówó kò lè ṣe.

Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń dìrọ̀ mọ́ géèmù kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ọdún?

Àwọn kan rò pé owó ìwé ni. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló wúwo jù. Ìwé olùṣeré D&D tó jáde lọ́dún 2014 jẹ́ ojú ìwé 320. Ẹni tó ti ka ìyẹn, tó ti fi ọdún méjì ṣe é títí tí kò fi nílò láti ṣí ìwé mọ́, kò ní fẹ́ padà sí kíláàsì kìíní torí pé ẹnì kan sọ pé tòun dára jù.

Ẹ wá rántí pé kì í ṣe òun nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọṣẹ tí ẹ fi ń wẹ̀, ẹ ò bi ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ géèmù, ènìyàn márùn-ún gbọ́dọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà, márààrún gbọ́dọ̀ kọ́ òfin tuntun, ẹnì kan ṣoṣo tó bá sì kọ̀ ti tó láti dá gbogbo yín dúró. Èyí ló jẹ́ kí ọjà yìí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ọjà tí mo mọ̀.

Akọni fúnra rẹ̀ sì tún wà ńbẹ̀. Mo ní olùṣeré kan tí ìwé akọni rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ níbi tó ń kọ iye ẹ̀mí sí, torí ó ti fi rọ́bà pa á rẹ́ títí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀yìn ibẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ní ká gbìyànjú géèmù mìíràn, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìwé yẹn bí ẹni tó ń bo ọmọ tó ń sùn. Mi ò tún sọ ọ́ mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ta géèmù tuntun fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, kó mọ ohun tó ń bá díje.

Ṣé iléeṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe olóòótọ́ sí, àbí géèmù?

Lójú tèmi, ẹgbẹ́ wọn ni. Iléeṣẹ́ ló ni orúkọ tó wà lẹ́yìn ìwé; àwọn tó yí tábìlì ká ló ni ìtàn. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ń rìn pọ̀, ó máa ń jọ pé iléeṣẹ́ ni oníbàárà fẹ́ràn. Ọjọ́ tí iléeṣẹ́ bá fọwọ́ kan ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe ni a ó mọ ibi tí ọkàn wọn wà. Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì gbòógì, lọ́dún 2008 àti lọ́dún 2023; mo ṣàlàyé méjèèjì nísàlẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní ogun ẹ̀dà?

Ìjà àárín àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀dà àtijọ́ àti àwọn tó gba tuntun ni. D&D ní ẹ̀dà kejì lọ́dún 1989, ẹ̀kẹta lọ́dún 2000, àtúnṣe rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 3.5 lọ́dún 2003, ẹ̀kẹrin lọ́dún 2008, ẹ̀karùn-ún lọ́dún 2014, àtúnṣe ẹ̀karùn-ún lọ́dún 2024. Gbogbo ìgbà tí tuntun bá ti dé ni ariwo ń sọ.

Iléeṣẹ́ nílò ẹ̀dà tuntun torí pé ìwé géèmù kì í tán. Ìwé òfin kan lè sin ẹgbẹ́ kan fún ogún ọdún, kò ní bàjẹ́, kò ní pe kí wọ́n ra òmíràn. Nítorí náà, orogún tó le jù fún ẹ̀dà tuntun ni ẹ̀dà àtijọ́ tó ti wà nílé oníbàárà. Láti bí ọdún 2006, nígbà tí OSRIC jáde, ni àwọn kan ti ń tún òfin D&D ayé àtijọ́ kọ tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ síta. Old-School Essentials wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú irú wọn. D&D ń bá ara rẹ̀ díje, nínú ọjà kan náà.

Kí ni OGL, kí ló sì dé tí iléeṣẹ́ ńlá yóò fún àwọn orogún rẹ̀ láyè?

OGL (Open Game License) ni ìwé àṣẹ tí Wizards gbé jáde pẹ̀lú ẹ̀dà kẹta lọ́dún 2000. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni lè mú àwọn òfin tí wọ́n kó síta, kó fi kọ ìwé tirẹ̀, kó tà á, láìsan kọ́bọ̀. Ryan Dancey, tó ń ṣiṣẹ́ ní Wizards, ló rọ iléeṣẹ́ náà títí tó fi gbà.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ìwé ìrìn àjò, tó ń sọ ìtàn tí adarí eré yóò lò, kì í tà tó ìwé òfin, torí ẹnì kan péré nínú ẹgbẹ́ ló ń rà á. Ìwé òfin ni gbogbo olùṣeré ń rà. Ẹ jẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké máa kọ èyí tí èrè rẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá ṣe ń kọ ọ́ tó ni àwọn ènìyàn yóò ṣe máa padà wá ra ìwé òfin yín. Skaff Elias, tóun náà wà ní Wizards, ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí: ohun tí àwọn orogún bá ń tà, lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níwájú ni èrè rẹ̀ ń lọ.

Ó ṣiṣẹ́, ó tún fa wàhálà. Ìwé ya bí omi, púpọ̀ nínú wọn kò dára, nígbà tí 3.5 sì dé lọ́dún 2003, àwọn ìwé tí wọ́n kọ fún ẹ̀dà kẹta jókòó sórí pẹpẹ àwọn ọlọ́jà, wọn ò rí olùrà. Àwọn kan ṣe ohun tó dára púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ṣá. Iléeṣẹ́ Green Ronin fi ṣe Mutants & Masterminds lọ́dún 2002, géèmù àwọn akọni alágbára àrà.

Báwo ni Pathfinder ṣe lé D&D bá?

Paizo ni iléeṣẹ́ tó ń tẹ àwọn ìwé ìròyìn D&D méjèèjì, Dragon àti Dungeon, láti ọdún 2002 lábẹ́ àṣẹ Wizards. Lọ́dún 2007, Wizards gba ìwé ìròyìn wọn padà. Ẹ fojú inú wò ó: iṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹun lọ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀dà kẹrin sì ń bọ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tuntun tó le ju OGL lọ, èyí tí kò tètè dé ọwọ́ àwọn tó yẹ kó lò ó.

Paizo ní àwọn ò lọ. OGL àtijọ́ ṣì wà, wọ́n sì fi mú òfin 3.5, wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2008 kí àwọn olùṣeré dán an wò kí wọ́n sì sọ ibi tó ti ń dùn wọ́n. Oṣù kẹjọ ọdún 2009 ni ìwé náà jáde, ojú ìwé 576, ó wúwo bí bíríkì. Ohun tí wọ́n ń tà fún àwọn ènìyàn ni pé: akọni yín kò ní kú, àwọn ìwé tí ẹ ti rà kò ní di pàǹtí.

Láti bí ọdún 2011 ni Pathfinder ti ń borí D&D nínú àkójọ ìwé ìròyìn ICv2, tó ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà àti àwọn olùpínkiri ohun tó ń tà jù. Àkójọ yẹn kì í ka owó tí ènìyàn ń san lóṣooṣù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kò sọ gbogbo ìtàn. Síbẹ̀, ẹ ronú sí i: ohun ìjà tí Wizards fúnra rẹ̀ rọ ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Èmi ò sì rò pé OGL ló jẹ̀bi. Ẹ̀dà kẹrin sọ fún àwọn ẹgbẹ́ pé kí wọ́n tún gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀, Paizo sì sọ pé kí wọ́n máa bá a lọ.

Báwo ni D&D ṣe gba ipò rẹ̀ padà?

Ó ṣe ohun tí Paizo ṣe. Ó gbé òfin ẹ̀dà karùn-ún síta fún ìdánwò láti ọdún 2012, ó gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn sọ, ó mú òfin rọrùn. Lọ́dún 2014 ó fi òfin ìpìlẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́. Lọ́dún 2016 ó tún fi òfin ẹ̀dà náà sábẹ́ OGL. Eré orí íntánẹ́ẹ̀tì àti fíìmù tẹlifíṣọ̀n Stranger Things, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, níbi tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ ti ń ṣe D&D, wá kó àwọn ọmọ tuntun wọlé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023?

Àwòṣe ìwé àṣẹ tuntun kan tú síta, OGL 1.1. Ó fẹ́ sọ OGL àtijọ́ di aláìníṣẹ́. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá pa owó ju 50,000 dọ́là lọ lọ́dún máa jábọ̀ fún Wizards, kí ẹni tó bá sì kọjá 750,000 dọ́là san tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó lé. Owó tó wọlé ni wọ́n ń wí o, kì í ṣe èrè. Ẹni tó mọ bí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ṣe ń lọ mọ̀ pé ìyẹn lè kó gbogbo èrè lọ.

Inú bí àwọn ènìyàn. Ọ̀pọ̀ pa àkáǹtì olówó oṣooṣù wọn lórí D&D Beyond, ìkànnì Wizards tí wọ́n ti ń ka ìwé D&D, ìyẹn sì ta iléeṣẹ́ náà níbi tó ti ń dùn ún. Kobold Press, iléeṣẹ́ kan tó ń kọ ìwé fún D&D, kéde pé òun yóò kọ géèmù tirẹ̀, èyí tó wá di Tales of the Valiant. Paizo kéde ìwé àṣẹ ORC, tí iléeṣẹ́ kankan kò ní lè gbà padà. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn rọ́ tẹ̀lé e. Ìwé òfin Pathfinder tí Paizo rò pé yóò tó oṣù mẹ́jọ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Wizards gbìyànjú ìwé àṣẹ tó rọ̀ díẹ̀, ó bi àwọn ènìyàn léèrè, ó lé ní 15,000 tó fèsì, wọ́n kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, ó jọ̀wọ́ OGL àtijọ́ bó ṣe wà, ó sì fi òfin ẹ̀dà karùn-ún sábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, èyí tí kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ti ń wo ọjà yìí tipẹ́. Mi ò rí ìgbà mìíràn tí àwọn olùṣeré fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan yí ìpinnu irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ padà.

Ṣé àwọn tó bínú yẹn lọ tán ni?

Rárá. Púpọ̀ padà, torí ẹgbẹ́ wọn ò kúrò níbẹ̀. D&D ṣì ni ọ̀gá ọjà. Ohun tó yí padà ni pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ ìwé fún D&D kò tún gbé gbogbo ẹyin wọn sínú apẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn mọ́. Ilé tí Critical Role dá sílẹ̀, Darrington Press, gbé Daggerheart jáde lọ́dún 2025. Àwọn tó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sínú D&D ti ní géèmù tiwọn báyìí.

Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ lè ni òfin eré?

Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé gba ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣeré. Ohun tí òfin ń dáàbò bò ni ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́, àwòrán, àti orúkọ. Bí ẹ bá ní kí olùṣeré ju dáìsì olójú ogún kó sì fi agbára rẹ̀ kún un, ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá da ojú ìwé kan kọ láti inú ìwé wọn, ọ̀rọ̀ di ti adájọ́.

D&D fúnra rẹ̀ ti fara kan án. Nígbà tí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ iṣẹ́ Tolkien, òǹkọ̀wé The Lord of the Rings, ké gbàjarè, TSR ní láti yọ orúkọ hobbit kúrò nínú ìwé, ó di halfling. Balrog di balor. TSR náà wá di ẹni tó ń pe àwọn mìíràn lẹ́jọ́ nígbà tó yá. Ó pe iléeṣẹ́ tó tẹ géèmù tuntun tí Gygax kọ lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, pé ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀ lè di ẹni tí nǹkan náà ń lé kiri.

Ṣé gbogbo ayé ni D&D ti jẹ́ ọ̀gá?

Ó tì o. Ní Jámánì, Das Schwarze Auge tó jáde lọ́dún 1984 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ eré yìí. Ní Sweden, Drakar och Demoner, ọdún 1982, ló kọ́kọ́ gba ọkàn wọn. Láti ara òfin Chaosium, iléeṣẹ́ tó ni RuneQuest àti Call of Cthulhu, ni wọ́n sì ti mú un. Ní Japan, Call of Cthulhu ló gbajúmọ̀ jù lóde òní. Sword World ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1989, nínú ìwé kékeré olówó pọ́ọ́kú, pẹ̀lú dáìsì olójú mẹ́fà tó wà nílé gbogbo ènìyàn.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, tí owó ọwọ́ wọn sì ká ìwé rẹ̀, òun ni wọ́n dúró tì.

Báwo ni àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ṣe ń rí jẹ?

Orí Kickstarter ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jẹun, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ti ń san owó kí ìwé tó di títẹ̀. Kelsey Dionne fi Shadowdark síbẹ̀ lọ́dún 2023, kété lẹ́yìn rògbòdìyàn OGL, ó sì kó ju 1.3 mílíọ̀nù dọ́là jọ. Avatar Legends ti Magpie Games kó ju mílíọ̀nù 9 dọ́là jọ lọ́dún 2021. Ẹ ṣọ́ra kí èyí má tàn yín jẹ ṣá: ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí eré àwòrán Avatar ló gbé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ Magpie tẹ́lẹ̀. Ti Dionne ló yẹ kí òǹkọ̀wé tuntun lọ kọ́. Ó ti ń tẹ àwọn ìrìn àjò kéékèèké jáde fún D&D fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn adarí eré ti mọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun.

Ṣé àwọn ìkànnì bíi D&D Beyond àti Roll20 ń so ènìyàn mọ́lẹ̀?

Wọ́n ń so ó gan-an ni, ju ìwé lọ. Hasbro san 146.3 mílíọ̀nù dọ́là lórí D&D Beyond lọ́dún 2022, kò sì ra á torí ẹwà rẹ̀. Ìwé tí ẹ rà níbẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti máa kà á, ibẹ̀ ni akọni yín ń gbé. Ìwé bébà tí olùṣeré mi fi sẹ́lótéèpù lẹ yẹn, tirẹ̀ ni; èyí tó wà lórí ìkànnì, inú ilé onílé ló wà.

Roll20, ìkànnì tí ẹgbẹ́ ti lè ṣeré pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, gba ọ̀pọ̀ géèmù láyè. Foundry, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ń gba owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tiyín. Ìmọ̀ràn mi: ibi yòówù tí ẹ bá ń lò, ẹ máa kọ akọni yín sórí bébà lóṣooṣù.

Ṣé iléeṣẹ́ kan lè bá ara rẹ̀ díje títí tó fi ṣubú?

TSR fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1997 ó gbé ayé ìtàn lórí ayé ìtàn jáde fún D&D: Forgotten Realms, Dragonlance, Spelljammer, Ravenloft, Dark Sun, Planescape, Birthright. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dára gan-an, Planescape ṣì ń wù mí títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ Dark Sun kì í ra ìwé Ravenloft. Owó tí ìwé méje ń náni láti tẹ̀ ni iléeṣẹ́ ń ná, ìdá kan lára àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sì ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìfaramọ́ wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, ó kàn ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni. Mo kà á sí ẹ̀kọ́ tó ṣe kókó jù fún ẹni tó ń tẹ géèmù, torí àwọn ènìyàn sábà máa ń rò pé àìnífẹ̀ẹ́ oníbàárà nìkan ló ń pa iléeṣẹ́. Gbèsè náà kò tibẹ̀ nìkan wá, àṣìṣe mìíràn wà nídìí iṣẹ́ wọn, àmọ́ èyí wúwo.

Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ mi gbìyànjú géèmù mìíràn, wọ́n kọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má bú èyí tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá sọ pé géèmù wọn kò dára ti sọ pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ṣe é kò wúlò.

Ẹ dúró de alẹ́ tí ẹnì kan kò ní lè wá, tí ìtàn yín kò sì lè tẹ̀síwájú. Ẹ mú géèmù tó ń tán láàárín wákàtí mẹ́ta wá, ẹ ti kọ àwọn akọni sílẹ̀ fún wọn, ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni ka ìwé. Call of Cthulhu dára fún èyí: tí wọ́n bá kọ 60 sí iwájú iṣẹ́ kan, kí dáìsì ọlọ́gọ́rùn-ún wá jẹ́ 60 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó tán. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Olùṣeré mi tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìwé rẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè lópin alẹ́ pé ìgbà wo la tún máa ṣe é. Akọni rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà láàyè; ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e la padà sídìí rẹ̀.

Bí iléeṣẹ́ tó ni géèmù mi bá ṣe ohun tí mo kórìíra, ṣé kí n fi géèmù náà sílẹ̀?

Èyí ni wọ́n fi ń dá mi lóró jù, pàápàá lẹ́yìn ọdún 2023 àti lẹ́yìn tí Hasbro kéde ní oṣù kejìlá ọdún kan náà pé òun yóò dá òṣìṣẹ́ bíi 1,100 dúró. Ẹ ya ohun méjì sọ́tọ̀: kí ẹ máa ṣe eré náà, àti kí ẹ máa fún wọn lówó. Ìwé tó ti wà lọ́wọ́ yín kò fún wọn ní nǹkan kan mọ́. Òfin ẹ̀dà karùn-ún tó wà lábẹ́ Creative Commons ti di ti gbogbo ayé.

Bí inú bá ń bí yín, ibi tí ó ti máa ń dùn wọ́n ni owó oṣooṣù àti ìwé tuntun. Ẹ dá ìyẹn dúró, ẹ kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹ sì ra ìwé tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ ní tààrà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún odindi ọdún kan. Nínú ọdún yẹn a kò pa alẹ́ eré kan ṣoṣo jẹ.